Títẹ "Black" kọ́ ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín

Àbúrò mi kan dé Houston lọ́dún tó kọjá, ó ń wá iṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó gbé kọ̀ǹpútà bá mi nínú ilé ìdáná, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi wò ó bóyá mo ṣe é dáadáa." Mo wo fọ́ọ̀mù ìwáṣẹ́ náà títí dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ẹ̀yà, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bóyá ó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, bóyá ó ní àìpé ara. "Mi ò fẹ́ dáhùn" ló tẹ̀ sí gbogbo rẹ̀ pátá. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹni tó bá ti tẹ "Black", kọ̀ǹpútà á ju ìwé rẹ̀ nù kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Mo ní kó gbé e padà sókè. Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó fi Olúwa bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà mẹ́rìnlá. Lábẹ́ rẹ̀ ni yunifásítì tó lọ ní Ilé-Ifẹ̀. Lábẹ́ ìyẹn, NYSC ní Kebbi. Mo ní, "Ta lo wá ń sá pamọ́ fún?"

Ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹ̀sìn láàárín wa níbí. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹnu kan náà tó ń sọ pé "Black" ń lé iṣẹ́ lọ ló tún máa sọ lọ́jọ́ kejì pé iye dúdú kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà, ká yáa tètè tẹ̀ ẹ́ ká lè bọ́ sínú rẹ̀. Kò sí òótọ́ nínú méjèèjì.

Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1964 ni ìdí ọ̀rọ̀. Ó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ ti ìdí àwọ̀, ẹ̀sìn, ìlú tí ènìyàn ti wá, tàbí akọ-n-bábo ṣe ojúsàájú, ó sì dá àjọ EEOC sílẹ̀ láti máa ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣe ojúsàájú bí ẹ ò bá ka orí? Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 100 sókè fi ń kọ ìròyìn tí wọ́n ń pè ní EEO-1: ọ̀gá mélòó ló jẹ́ dúdú, akọ̀wé mélòó ló jẹ́ obìnrin. Iye ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, orúkọ ẹnikẹ́ni ò sí nínú rẹ̀. Ìdáhùn tí ẹ bá tẹ̀ nígbà tí ẹ ń wáṣẹ́ náà, ọ̀tọ̀ ló yẹ kí wọ́n kó o sí, kó má bá ìwé yín dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ yan òṣìṣẹ́.

"Ṣebí Trump ti fagi lé gbogbo ìyẹn?" Ohun tó fagi lé ní oṣù kìíní 2025 ni àṣẹ ààrẹ 11246, tí Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí ní 1965 nítorí àwọn iléeṣẹ́ tó ń gba kọ́ńtíráàtì ìjọba àpapọ̀. Òfin 1964 ò bá a lọ. Ìbéèrè àìpé ara wá láti inú òfin 1973, ti ológun láti inú òfin 1974, àwọn aṣòfin ló sì ṣe wọ́n.

Èyí tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé bí ẹ bá kọ̀ tí ẹ ò dáhùn, tí wọ́n sì gbà yín, EEOC gba iléeṣẹ́ láàyè láti wo ojú yín kí wọ́n sì kọ ẹ̀yà tí wọ́n bá rí sínú EEO-1. "Mi ò fẹ́ dáhùn" ò sọ ẹnikẹ́ni di aláìláwọ̀.

Ojúsàájú wà o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Òkè ìwé ló wà ni, níbi orúkọ. Ní 2004, Marianne Bertrand àti Sendhil Mullainathan gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde: wọ́n ti fi ìwé bí 5,000 wáṣẹ́ ní Chicago àti Boston, wọ́n sì pín orúkọ sórí wọn bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́. Àwọn Emily àti Greg, orúkọ òyìnbó, rí ìpè tó fi ìdajì ju ti Lakisha àti Jamal, orúkọ dúdú, lọ. Ti Britain kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn olùwádìí Nuffield College ní Oxford kọ̀wé sí ibi iṣẹ́ bí 3,200, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2019: bí òyìnbó bá kọ ìwé 10 kí wọ́n tó dá a lóhùn, ẹni tó tan mọ́ Nàìjíríà ní láti kọ bí 18. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Mi ò wá ní kí ẹnikẹ́ni pa tirẹ̀ dà. Bàbá tó sọ mí lórúkọ ṣì wà láyé, ó sì máa ń ka ohun tí mò ń kọ.

Ti pé wọ́n á tìtorí "Black" gbà yín ńkọ́? Òfin 1964 kan náà ló dè é. Gbígba ènìyàn nítorí àwọ̀ rẹ̀ àti lílé e nítorí àwọ̀ rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni.

Fọ́ọ̀mù àìpé ara, CC-305, ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ọ̀pọ̀ wa rò pé arọ àti afọ́jú nìkan ló wà fún. Àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, jẹjẹrẹ wà níbẹ̀, wárápá, àrùn ọkàn. Wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹni tó ń yan òṣìṣẹ́ kò ní rí ìdáhùn yín. Obìnrin kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" sí i. Ìgbà tó dé ibi ìdánwò, ìwé tí wọ́n gbé fún un, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ó ní, "Ṣebí mo ti sọ fún yín nínú fọ́ọ̀mù?" Ọ̀gá tó jókòó síwájú rẹ̀ ń wò ó bọ̀ọ̀, kò mọ nǹkan kan. Inú bí i débi pé kò parí ìdánwò náà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yẹn ò purọ́. Fọ́ọ̀mù náà ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣèlérí gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá nílò lẹ́tà ńlá, tàbí àfikún àkókò, kó kọ̀wé sí HR, ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, lọ́tọ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ẹ̀tọ́ ni, nínú òfin 1990, níbikíbi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó 15.

Ibì kan wà tí mo gbà pé ìbẹ̀rù lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: iléeṣẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà tó jẹ́ pé ìyàwó ọ̀gá náà ni HR, òun náà ló ń ṣí gbogbo ímeèlì. Níbẹ̀, bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ fò ó, kò sí ìjìyà kankan nínú kíkọ̀.

Ìbéèrè tó ń já ènìyàn sílẹ̀ ní tòótọ́ wà lókè díẹ̀: ṣé ẹ ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣé ẹ máa fẹ́ kí iléeṣẹ́ bá yín ṣe físà? Ìyẹn ò sí lára ìbéèrè ẹ̀yà, kò sí "mi ò fẹ́ dáhùn" níbẹ̀, irọ́ ibẹ̀ sì lè lé ènìyàn kúrò nílùú. Àbúrò mi ní green card, kò ní wàhálà yẹn.

Ó padà sísàlẹ̀. Ó dé orí "Black or African American", ó tún dúró. "Àǹtí mi, ṣé èmi náà ni African American? Oṣù mẹ́ta péré ni mo dé." Mo ka ìtumọ̀ ìjọba fún un: ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ wá láti inú èyíkéyìí nínú àwọn ẹ̀yà dúdú Áfíríkà. Ó ní, "Ìyẹn ni pé Bàbá àgbà ní Ìlá náà lè tẹ̀ ẹ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ̀ ẹ́. Kó tó fi í ránṣẹ́, mo ní ká tún wo òkè lẹ́ẹ̀kan sí i. Nọ́ńbà fóònù tó kọ síbẹ̀, mẹ́sàn-án ni mo kà dípò mẹ́wàá. Ìwé mọ́kànlá ló ti fi nọ́ńbà yẹn kọ.