Ṣé Èmi Ni Mo Bí Kérésìmesì Ni?

Oṣù kọkànlá ò tíì parí, Bùọ̀dá Lugbe ti kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí ọkọ mi: "Ìyàwó wa, ọdún ti dé tán. Jẹ́ kí ṣinṣín tọdún yìí le díẹ̀ o, tèṣí rọ̀ jù." Kò sí "o kú iṣẹ́". Kò sí "èló ni ká fi ránṣẹ́". Ó rọ̀ jù! Ẹnu tó jẹ odidi ike kọ́sítáàdì kan tán kó tó di Boxing Day ló ń sọ pé ó rọ̀ jù. Làwọn tó kù bá ń na àtàǹpàkò sókè lábẹ́ ẹ̀, àwọn tí wọn ò ra ẹyọ ẹyin kan sí i rí láyé wọn.

Nígbà kan, Ìlọrin la máa ń lọ. Ìyá ọkọ mi á po fùláwà, àwọn ọmọ á máa gé e, èmi á jókòó ti agbada òróró, ẹ̀rín ò sì ní tán nílé. Ìgbà tí owó mọ́tò fò sókè, tí ẹ̀rù ọ̀nà Lọ́kọ́ja tún wá ń bà wá, ni wọ́n pinnu láìbi mí pé ilé wa ní Kubwa, l'Ábùjá níbí, ni kí gbogbo ẹbí máa kóra jọ sí. Wọ́n kó ọdún wá, wọn ò kó ọwọ́ wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèṣí fún yín. Múdù ni mo fi ra fùláwà, torí owó odidi àpò ti kọjá agbára mi, ẹ sì mọ múdù àwọn èèyàn yìí, èyí tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Mo gbé kíréètì ẹyin, 30 ló yẹ kó wà níbẹ̀, mo débi tí mo ti ń fọ́ ọ, òórùn lé mi jáde ní kíṣìnnì. Mo dín ṣinṣín mọ́jú. Ọyẹ́ ń fẹ́ wọlé lójú fèrèsé, iná ń jó mi níwájú, òtútù ń mú mi lẹ́yìn. Bí mo ṣe ní kí n kọjú sí kéèkì báyìí, gáàsì tán.

Ẹ má dárúkọ ófùùnù oníná fún mi. Wọ́n pín wa sí Band, ìyẹn ìsọ̀rí-ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí wákàtí iná tó yẹ ká rí lójúmọ́; àwọn Band A tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, tí wọ́n sì fowó kún iná wọn lóṣù kẹrin ọdún 2024, gan-an ṣì ń ráhùn, kí làwa tá ò débẹ̀ fẹ́ wí? Wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́.

Ni mo bá kó páànù kéèkì sínú kẹ̀kẹ́, ó di ilé búrẹ́dì kan lẹ́yìn ọjà, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn yan. Áà! Gbogbo obìnrin Kubwa ló wà níbẹ̀. Páànù to bí ọkọ̀ ṣe ń to ní Nyanya láàárọ̀ Mọ́ńdè. Mo ti fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kọ orúkọ mi sídìí tèmi. Ọmọkùnrin tó ń yan án ní, "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀, mo dá ti kálukú mọ̀." Ó dá páànù mọ̀ lóòótọ́ o! Kò dá kéèkì mọ̀. Ó ti da gbogbo wọn jáde kí wọ́n lè tutù, ó wá ń kó wọn padà bó ṣe wù ú. Páànù mi ló gbé fún mi, kéèkì ẹlòmíì ló wà nínú ẹ̀: ó pọ́n lórí, ó jóná nídìí, ó gbẹ, kò ní bọ́tà, kò ní nǹkan kan. Tèmi tí mo ti rẹ àjàrà gbígbẹ rẹ̀ sínú búráńdì láti oṣù kẹwàá ti bá ẹlòmíì lọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ ẹ́, ẹ kú ọdún. Ọlọ́run ń wò yín.

Mo délé, Àǹtí Gwarinpa gé e, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ìyàwó, ṣé o gbàgbé bọ́tà ni?" Lójú gbogbo èèyàn! Ọkọ mi gbọ́. Ó bu ṣinṣín sẹ́nu, ó ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Hajia tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí kì í ṣe Kérésìmesì rárá, ló rán àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi gé ṣinṣín. Ó fi ṣúgà ránṣẹ́. Nígbà tí mo gbé tiẹ̀ lọ fún un, ó ní "Barka da Kirsimeti", ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun. Àwọn Onígbàgbọ́ tèmi nà gbalaja sórí àga, wọ́n ń bèèrè pé mínírà dà.

Ó tó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣinṣín líle lọ́dún yìí, kó gbé ìgò gáàsì 12.5 kílò tó kún lérí láti ilé ẹ̀ wá sí Kubwa, kó mú fùláwà àti òróró tirẹ̀ dání, kó sì gba iná bọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníná. Bí ìyẹn bá nira, kí wọ́n lọ bẹ ìjọba kí wọ́n sún Kérésìmesì di ìgbà tí owó fùláwà bá wálẹ̀. Ẹni tí abọ́ aláwọ̀ ewé onídèérí mi ti tèṣí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó dá a padà kíákíá. Mo mọ̀ yín.