Ẹ fi wáráǹtì gbé wọn wá

Ìròyìn yìí dùn mí. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin pe àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba kí wọ́n wá ṣàlàyé owó, wọn ò yọjú, ìgbìmọ̀ tún sún ọjọ́ síwájú. Kí ló dé? Ẹ̀yin aṣòfin wa, abala 89 ìwé òfin ọdún 1999 fún yín láṣẹ láti fi wáráǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ ìmúni, gbé ẹni tó bá kọ̀ láti wá.

Mi ò tíì gbàgbé oṣù Keje ọdún 2020. Adelé ọ̀gá àgbà NDDC, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, dákú lórí ìjókòó níwájú ìgbìmọ̀, gbogbo wa ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ kan náà ni mínísítà ọ̀rọ̀ Niger Delta sọ pé àwọn aṣòfin ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àgbàṣe ibẹ̀, ni wọ́n bá ní kó pa makirofóònù. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n ti jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán!

Ẹ wo abala 85 náà: olùyẹ̀wò owó àgbà gbọ́dọ̀ fi àbọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ síléègbìmọ̀ láàrin 90 ọjọ́ tí ìṣirò bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìwé àbọ̀ yẹn ni kí ẹ ṣí sílẹ̀, kí ẹ bi wọ́n léèrè lójú ewé kọ̀ọ̀kan, kí makirofóònù ẹnikẹ́ni má sì kú.