Epo nìkan kọ́ ló wà nínú ilẹ̀ yẹn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníròyìn. Ọ̀rọ̀ yín pé àwọn bakitéríà kan ń jẹ epo tó dà sílẹ̀ dùn mọ́ mi, àmọ́ ẹ sọ ọ́ bí ẹni pé ká kàn káwọ́ lẹ́rán ni, ilẹ̀ á tún ara rẹ̀ ṣe. Ilẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Iléṣà tí àwọn mẹkáníìkì lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ti kó lọ, ilẹ̀ ṣì dúdú bí èédú. Màámi gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pípọ́n ló ń pọ́n.

Òótọ́ ni pé àwọn bakitéríà tó ń jẹ epo, bíi Pseudomonas àti Bacillus, máa ń wà nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ ẹ̀bà láìsí ọbẹ̀? Epo kò ní náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà tí àwọn bakitéríà náà nílò láti dàgbà, tó lè tó wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fọ́n ajílẹ̀ sí etíkun Alaska ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi Exxon Valdez da epo síbẹ̀ ní 1989. Tiwa, ìgbẹ́ adìyẹ ṣáà wà (bí wọn ò bá tíì sọ ọ́ di olówó gọbọi), ká sì máa tú ilẹ̀ náà kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́.

Èyí tí ẹ ò mẹ́nu bà rárá ni àwọn mẹ́tàlì bí òjé àti síńkì tó máa ń wà nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti lò. Bakitéríà ò lè jẹ ìyẹn tán láé. Mo ti ní kí Màámi máa gbin ẹ̀fọ́ wọn sínú àpò ní ẹ̀yìnkùlé.