Ṣé Àbúrò Ló Ń Dàgbà Di Ẹ̀gbọ́n Ni?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bi wọ́n: ta ló sọ pé bí tíọ́rì sáyẹ́ǹsì, ìyẹn àlàyé ìdí tí nǹkan fi ń rí bó ṣe ń rí, bá gbó tán, òfin sáyẹ́ǹsì ló ń dà?

Lánàá, ọmọ mi ti ilé-ìwé dé, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Ó na ìwé físíìsì sí mi. Bíírò pupa ti la ìdáhùn tí a jọ kọ kọjá: "Tíọ́rì kì í di òfin." Òdo ló gbà! Tíṣà kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé tíọ́rì tí wọ́n bá ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ló ń di òfin. Inú bí mi débi pé ọbẹ̀ ń jóná, n ò gbóòórùn ẹ̀. Nínú Ilé-Ifẹ̀ yìí náà o, tí yunifásítì ti kó dé láti 1967, tí ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ọlọ́kadà lọ!

Mo fa pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ ẹ̀ yọ lábẹ́ àga. Mo ní kó fi àtàǹpàkò dí ẹnu ẹ̀ pa, kó máa tì í wọlé. Ó tì í, ó tì í, nígbà tó yá afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ yarí, ó ń ti àtàǹpàkò ẹ̀ dànù. Ohun tójú rí nìyẹn, ìka náà sì jẹ́rìí sí i. Robert Boyle, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, kọ ohun tóun náà rí síta ní 1662: bí ooru ò bá yí padà, tí o fún afẹ́fẹ́ mọ́ ìdajì àyè tó wà, agbára tó fi ń ti nǹkan á di ìlọ́po méjì. Òfin nìyẹn. Bó ṣe máa pọ̀ tó ló sọ, kò sọ ìdí. Àwọn onímọ̀ físíìsì tó wá tú ìdí ẹ̀ palẹ̀, Maxwell àti Boltzmann, ó di nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà: wóró tín-tìn-tín ni afẹ́fẹ́, wọ́n ń sáré kiri, wọ́n ń forí sọ ògiri, bí àyè bá há, wọn á máa sọ ọ́ léraléra. (Onímọ̀ mìíràn, Bernoulli, ti fẹnu bà á ní 1738, wọn ò kà á sí.) Tíọ́rì nìyẹn. Èyí tó dé kẹ́yìn ni wọ́n ní ó ń dàgbà di èyí tó ṣáájú!

Láàárọ̀ yìí mo lọ bá tíṣà. Ó ní, "Màmá, ohun tó wà nínú nóòtì nìyẹn o." Nóòtì tí wọ́n ti ń dà kọ láti ìgbà tí èmi náà ń wọ yúnífọ́ọ̀mù!

Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo ní kí ìyá kan tó ń gé bàrà fọwọ́ kó tó tún gé òmíì. Ó ní ọ̀rọ̀ kòkòrò àìfojúrí yẹn, tíọ́rì lásán ni. Lásán kẹ̀! Kó bi ẹni tí tàífọ́ọ̀dù ti dá dùbúlẹ̀ rí.

Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ń bi mí èwo ni kóun kọ. N ò tíì dá a lóhùn.