Àtúnṣe: Oògùn ìkánsójú nìkan kì í wo ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ojú

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn ká pé bí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá mú ẹnìkan lójú, oògùn steroid tí à ń kán sójú ti tó, àti pé bí ojú bá ti mọ́, ìtọ́jú parí nìyẹn. Ó dá mi lójú pé ìrànlọ́wọ́ ni ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà.

Ìyàtọ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í rí ni pé steroid ń mú kí ojú tó pọ́n tó sì wú rọlẹ̀, àmọ́ kì í pa kòkòrò àrùn. Àwọn oògùn tó ń pa á ni rifampicin, isoniazid, pyrazinamide àti ethambutol, tí a sábà máa ń lò pọ̀ fún oṣù 2, kí a tó fi rifampicin àti isoniazid tẹ̀síwájú fún oṣù 4, ó kéré tán. Dókítà lè fi steroid kún wọn; ṣùgbọ́n bí ó bá dá wà, kòkòrò náà lè ráyè gbilẹ̀ lábẹ́ ojú tó dà bíi pé ó ti mọ́.

Ẹ yẹ ìwé inú páálí oògùn ìkánsójú steroid wò: ó sábà máa ń kìlọ̀ nípa lílò ó fún ojú tí irú kòkòrò yìí wà.

Ethambutol náà gba ìṣọ́ra, nítorí ó lè ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́. Kí aláìsàn máa bo ojú kan, kí ó fi èkejì wo ohun pupa. Bí àwọ̀ náà bá ṣá, kí ó tètè rí dókítà.