Ọwọ́ ayàwòrán ni ọgbọ́n gígé nǹkan sí wẹ́wẹ́ ká tún un tò ti wá

Ayàwòrán tí ẹ kọ nípa rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yín sọ pé ìtàn àròsọ tí kò tẹ̀lé ìlànà ló kọ́ òun láti gé àwòrán sí wẹ́wẹ́, kí òun sì tún un tò. Mo gbà á gbọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fún àwọn ayàwòrán ní ẹ̀tọ́ wọn. Ní Paris lọ́dún 1959, Brion Gysin, tí í ṣe ayàwòrán, ń fi ọ̀bẹ gé páálí, ni ọ̀bẹ bá gé ìwé ìròyìn tó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ó to àwọn ègé náà mọ́ra, gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni ò kọ rí sì jáde. Ibẹ̀ ni William Burroughs, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ti mú ọgbọ́n náà, tó fi ń kọ ìtàn. Ó yẹ kí àpilẹ̀kọ yín mẹ́nu ba Gysin.