Ẹ Ń Dífá Ìrìn-àjò fún Ẹni Tó Ti Dé

Ó ti sú mi pátápátá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta kí n má baà bú ẹni tí kò yẹ kí n bú.

Lálẹ́ àná, iná ò sí, mo ń fi ìwọ̀nba bátìrì tó kù nínú kọ̀ǹpútà mi parí iṣẹ́ oníṣẹ́, ni àbúrò mi kan tó jẹ́ dókítà bá pè mí. Èmi ni mo bá a ṣe ìṣirò ìwádìí rẹ̀ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ìwádìí náà kò le rárá. Ènìyàn 64 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n kó jọ. Wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán 32 nínú wọn létí pé kí wọ́n má gbàgbé oògùn, wọn ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí 32 yòókù. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ fi 4 mmHg (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá) rẹlẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ. P-value, ìyẹn bó ṣe rọrùn tó kí irú ìyàtọ̀ báyìí ṣèèṣì wáyé bí àtẹ̀jíṣẹ́ ò bá tilẹ̀ ṣe nǹkan kan, wá jẹ́ 0.19, ó ju 0.05 tí wọ́n sábà fi ń díwọ̀n lọ. Ìyẹn ni pé ẹ̀rí ò tíì tó láti sọ pé àtẹ̀jíṣẹ́ ló ṣe é. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a fi ránṣẹ́ sí jọ́nà ìṣègùn kan kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti dá a padà o. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ká lọ ṣe post hoc power."

Mo dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Mo ń gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ tèmi ló ń ru.

Ẹ gbọ́, kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń ṣírò power, ìyẹn agbára tí ìwádìí ní láti rí ìyàtọ̀ mú. Ẹ ó jókòó, ẹ ó bi ara yín pé: tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ń ṣiṣẹ́, tó sì ń dín ìfúnpá kù ní iye báyìí, ẹ̀ẹ̀mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni irú ìwádìí tiwa yìí máa rí i mú? Jacob Cohen, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí 80% di ohun tí gbogbo ayé ń lò. "Iye báyìí" yẹn, inú ìmọ̀ ìṣègùn lẹ ti máa mú un wá. Kò gbọdọ̀ jẹ́ inú dátà tí ẹ ò tíì gbà. Ká ní 5 mmHg ni ìyàtọ̀ tó kéré jù tó yẹ kéèyàn náwó lé lórí, tí standard deviation (bí ìfúnpá àwọn ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra tó) sì jẹ́ 12, ènìyàn bíi 91 lẹ nílò ní apá kọ̀ọ̀kan kí power lè tó 80%. 182 nìyẹn. Ènìyàn 64 ni àbúrò mi rí, nítorí ilé-ìwòsàn kan ṣoṣo ló ti ṣe é, àpò ara rẹ̀ ló sì fi ṣe é. Mi ò bá a wí nítorí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn kì í wá bá wa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀! Ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti gba dátà tán, tí wọ́n ti tẹ ìdajì rẹ̀ sínú Excel ní ìtẹ̀kútẹ̀, ni wọ́n ń rántí pé àwa oníṣirò wà láyé.

Post hoc power, ìyẹn power ẹ̀yìn-iṣẹ́, wá ńkọ́? Wọ́n á mú 4 mmHg tí ìwádìí ti fojú rí, wọ́n á ṣe bí ẹni pé òun gan-an ni òótọ́ tó wà láyé, wọ́n á wá béèrè pé kí ni agbára tí a ní láti rí i. Ẹni tó ti lọ tó ti bọ̀, ẹ wá ń dífá ìrìn-àjò fún un.

Èyí tó burú jù ni pé kò sí ọ̀rọ̀ tuntun kankan nínú nọ́ńbà yẹn. Ara p-value ló ti ń jáde tààrà. Tí p bá jẹ́ 0.05, power ẹ̀yìn-iṣẹ́ yìí á jẹ́ nǹkan bíi 50%. Tí p bá jẹ́ 0.10, ó di 38%. 0.20, 25%. 0.50, nǹkan bíi 10%. Gbogbo ìwádìí tí p rẹ̀ bá ti ju 0.05 lọ ló máa ní power tí kò tó ìdajì, yálà àwọn tó ṣe é gbọ́n tàbí wọn ò gbọ́n. Ó dà bí ẹni tó ní náírà kan lápò, tó ṣẹ́ ẹ sí 100 kọ́bọ̀, tó wá ń pariwo pé owó òun ti pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe àṣírí. John Hoenig àti Dennis Heisey ti ṣàlàyé rẹ̀ kúnnákúnná nínú The American Statistician lọ́dún 2001. Ìlànà CONSORT ti ọdún 2010 lórí bó ṣe yẹ kéèyàn kọ àbájáde ìwádìí ìṣègùn, tí àwọn jọ́nà ìṣègùn fúnra wọn tò síwájú òǹkọ̀wé nígbà náà, sọ pé àǹfààní rẹ̀ kò tó nǹkan, pé confidence interval, ìyẹn ààlà tí ìyàtọ̀ gidi lè wà láàárín rẹ̀, ni kéèyàn wò. Ṣùgbọ́n SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò dátà, ní àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ "Observed power" sí, ẹni tó bá sì ti rí àpótí, ọwọ́ á máa yún un.

Confidence interval tiwa ńkọ́? Ó wà nínú tábìlì kejì: láti −2 dé 10. Ó ṣeé ṣe kí àtẹ̀jíṣẹ́ fi 10 mmHg dín ìfúnpá kù, èyí tó dára gan-an. Ó sì ṣeé ṣe kó má ṣe nǹkan kan, tàbí kó tilẹ̀ fi 2 lé e. Àìmọ̀ wa nìyẹn, gbangba gbàǹgbà, ìlà kan ṣoṣo. Ẹni tó ní ká ṣe power ò kà á débẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ó ní, "Pẹ̀lú ènìyàn 64, ṣé ẹ lè rí 5 mmHg mú?" mi ò ní bínú. 5 yẹn ti ìta wá. Ó yàtọ̀.

Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi nọ́ńbà náà ṣe. Wọ́n á kọ ọ́ síbi ìjíròrò pé "power wa ló kéré tí a ò fi rí ìyàtọ̀," bí ẹni pé ìyàtọ̀ náà wà níbì kan tó sá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ta ló sọ fún yín pé ó wà níbẹ̀?

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún àbúrò mi. Ó gbọ́ ọ dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n Prof ní ká ṣáà fún wọn, kí wọ́n lè gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é."

Ìgbà yẹn ni bátìrì kọ̀ǹpútà mi kú. Mo mú fóònù, mo fi 0.19 ṣírò rẹ̀ nínú òkùnkùn.

"26%."

"Háà! Ẹ ti ṣe é tán? Ẹ sì ní iná ò sí!"

"Mi ò tilẹ̀ ṣí fáìlì rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni mo ń ṣe.